Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Àǹtí Rónkẹ́ Ò Kí Ẹnikẹ́ni

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó gbé ilé onírúúmù mẹ́wàá rí, ẹ wo bó ṣe ń gba kọ́rídọ̀ kọjá. Kì í sáré. Orí rẹ̀ á máa yí sọ́tùn-ún, á máa yí sósì, ẹnu rẹ̀ á sì ti là kó tó dé ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Èmi ṣì ń ṣe é títí dòní. Mo lè wọ ọ́fíìsì láàárọ̀ kí n máa kí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Mọ́mì, kò séèyàn níbẹ̀ o." Mo mọ̀ pé kò séèyàn níbẹ̀. Ẹnu mi ni kò mọ̀. Ilé tí wọ́n ti kọ́ ẹnu mi níwà yìí wà ní Kétu, lẹ́yìn ọ̀nà Ìkòsí: rúúmù márùn-ún kọjú sí márùn-ún, kọ́rídọ̀ kan tó ṣókùnkùn láàárín, kànga, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni ìró ọkọ̀ ńlá tó ń kó tòmátì lọ sí ọjà Mile 12. Lẹ́yìn ìyẹn ni ikọ́ Bàbá Wàhídì, ará Ṣakí tó ń lẹ táyà lójú títì, tí rúúmù wọn kọjú sí tiwa gan-an. Lẹ́yìn ikọ́ ni ìgbálẹ̀ ẹni tí ilẹ̀ gbígbá kàn. Lẹ́yìn náà ni ìkíni á wá bẹ̀rẹ̀, kò sì ní dáwọ́ dúró títí gbogbo ilé á fi jáde tán.

Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ pọnmi láìgba iwájú ilẹ̀kùn gbogbo ará ilé. Ìwọ tí o gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, wàá kúnlẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ mà," wàá dìde, wàá gbé ẹsẹ̀ méjì, wàá tún kúnlẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ẹ jíire?" Tí wọ́n bá bi ọ́ pé mọ́mì ẹ ńkọ́, dandan ni kí o dáhùn, bí wọ́n tiẹ̀ ń gbọ́ ohùn mọ́mì ẹ látinú rúúmù lọ́hùn-ún. Ìkíni ló mú mi pẹ́ dé ilé ìwé ju oorun lọ. Ẹni tí tiwọn sì gùn jù ni Màmá Kànga. Opó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn nìkan ló ń gbé rúúmù tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé, kànga sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wọn, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Kẹrosíìnì ni wọ́n ń tà, nínú kẹ́ẹ̀gì. Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, wọ́n á tún da jàrá lé e. Láàárọ̀ kùtù, wọ́n á gbé àpótí wọn síta, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa run orín. Bí o bá kí wọn, wọ́n á yọ orín lẹ́nu, wọ́n á ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo sùn? Ìyá ẹ ńkọ́? Bàbá ẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ìwé ńkọ́?" Wọ́n sì ń dúró gbọ́ èsì ìkọ̀ọ̀kan.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, Àǹtí Rónkẹ́, àbúrò mọ́mì mi, sì ń gbé pẹ̀lú wa. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mátíràsì kan náà la jọ ń sùn lé ní pálọ̀, ó sì máa ń fi ẹsẹ̀ tí mí sílẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó". Ìjẹ̀bú ló ti wá, ó ń lọ sí yunifásítì, irú èyí tí wọ́n ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń pè ní páàtì-táìmù. Sosiọ́lọ́jì ló ń kọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé pọ̀. Dádì mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Rónkẹ́, ṣé ó dìgbà tí èèyàn bá lọ yunifásítì kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn gbé?" Kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ gan-an, èyí tó jẹ́ ìpìlẹ̀, ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, á sì padà sílé. Àǹtí fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ tó bá ń fọ abọ́. Á ní, "Bísí, tí mo bá tún féèlì yìí, gààrí ni mo máa máa yan ní Ìjẹ̀bú." Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń rí ojú rẹ̀.

Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé ìwé náà nípọn, òyìnbó inú rẹ̀ sì le. Á kà á jókòó, á kà á dùbúlẹ̀, kò ní wọlé. Àfi lọ́jọ́ kan tó já sí i pé gbogbo ohun tí ìwé náà ń wí ló wà nínú kọ́rídọ̀ wa. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Màmá Kànga ní ipò méjì, ọ̀kan tí ọjọ́ orí gbé fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn wá nídìí kẹrosíìnì. Ó ní èmi Bísí, wọn ò bí ìkúnlẹ̀ mọ́ mi. Wọ́n kọ́ mi ni, díẹ̀ pẹ̀lú ẹnu, díẹ̀ pẹ̀lú ìgbátí, títí mo fi rò pé orúnkún mi ló mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ṣàlàyé fún mọ́mì mi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ pé àwùjọ dà bí ara èèyàn, ojú ń ríran, ẹsẹ̀ ń rìn, kálukú ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kí gbogbo ara lè dúró. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, ìjà ni gbogbo ẹ̀, ẹni tó lágbára ló ń kọ́kọ́ fa omi. Mọ́mì ju òkúta kan nù. Wọ́n ní, "Àwọn méjèèjì ò parọ́. Ọjọ́ tí oúnjẹ bá tó, ara kan ni wá. Ọjọ́ tí kò bá tó, ìjà ni." Àǹtí wò wọ́n, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn kẹta tún wà, àwọn tó ní ohun tí a bá jọ gbà pé nǹkan jẹ́ ló ń jẹ́, ó sì nawọ́ sí àpótí Màmá Kànga. Igi lásán ni, ìṣó tiẹ̀ ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó jẹ́ jókòó lé e nínú ilé wa, bó ti wù kí ẹsẹ̀ máa ro ó tó. Àǹtí bi mí pé ṣé mo rí i. Mo ní mo rí i. Ká sòótọ́, àpótí ni mo rí.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, olùkọ́ wọn gbé asáínmẹ́ǹtì kan fún wọn, máàkì rẹ̀ sì pọ̀. Kí kálukú mú nọ́ọ̀mù kan nínú ilé rẹ̀, ìyẹn nǹkan tí gbogbo èèyàn ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sára ògiri, kó má ṣe é fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, kó sì kọ ohun tí àwọn tó yí i ká bá ṣe sílẹ̀. Òfin méjì ló wà. Kò gbọ́dọ̀ sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni, kò sì gbọ́dọ̀ já a láàárín. Ẹni tó bá já a láàárín, òdo. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní òun máa wọ bàtà oríṣi méjì. Òmíràn ní òun máa kọrin lójú oúnjẹ. Àǹtí mi, ọlọ́pọlọ pípé, mú ìkíni. Mo ti dàgbà báyìí, mo sì lè sọ ọ́ láìbojúwẹ̀yìn pé ìwà agọ̀ ni. Ìkíni, nínú ilé Yorùbá, ní Kétu, níwájú ilẹ̀kùn mẹ́wàá. Kò kúkú ní òun ò ní fọ ẹnu. Nítorí pé kò lè máa kọ̀wé lójú wọn, ó sọ mí di akọ̀wé. Mo ní ṣé wọn ò ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Ó ní akọ̀wé kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ó fún mi ní ìwé olójú-ewé ogójì kan, ó mú mi búra lórí Bíbélì mọ́mì, a sì fi í sí Ọjọ́bọ̀, kó lè parí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àǹtí gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, èmi náà gbé kékeré tẹ̀lé e, ìwé wà lábẹ́ aṣọ mi. Bàbá Wàhídì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń de okùn sòkòtò. Àǹtí kọjá. Ẹnu Bàbá Wàhídì ti là láti dáhùn, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ dáhùn, ló bá wà ní lílà bẹ́ẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi. "Bísí, ṣé ara àǹtí ẹ yá?" Mo kúnlẹ̀, mo ní ó yá. Ìyàwó wọn ní bóyá kò rí wọn ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, èmi tí mò ń kúnlẹ̀ lẹ́yìn ń kí fún ẹni méjì, títí a fi dé ọ̀dọ̀ Màmá Kànga. Àǹtí gba ẹ̀gbẹ́ àpótí wọn kọjá, ó ju kẹ́ẹ̀gì ìfami sínú kànga. Màmá yọ orín lẹ́nu. Wọ́n dúró. Wọ́n wo ẹ̀yìn Àǹtí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Káàárọ̀, Rónkẹ́ ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo sùn? Iṣẹ́ ìwé ńkọ́? A dúpẹ́." Bí ìgbà tó kí wọn gẹ́lẹ́. Omi dà sí Àǹtí lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a padà dé rúúmù, ó ní, "Bísí, kọ ọ́ sílẹ̀," mo sì kọ ọ́ pé Màmá dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, ilé ti yí padà sí i. Iná dé lọ́sàn-án, ẹni tó máa ń kígbe pé kí Rónkẹ́ wá lọ aṣọ ò kígbe. Òjò rọ̀, wọ́n sáré ká aṣọ gbogbo ilé, tirẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí okùn, búláòsì mẹ́ta àti síkẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó Bàbá Wàhídì ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ìgbéraga wà lára ọmọ yẹn, pé kò kí òun dáadáa rí. Irọ́ ńlá, torí èmi fúnra mi ti rí i tó kúnlẹ̀ fún wọn nínú ẹrẹ̀. Àǹtí ní ìwé sọ ọ́, pé bí wọ́n bá ti fún èèyàn lórúkọ tán, wọ́n á lọ wá ẹ̀rí rẹ̀ nínú àná. Bàbá Wàhídì sọ tiwọn sókè ní kọ́rídọ̀ kó lè gbọ́, wọ́n ní, "Ẹni tí ò kí wa kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé." Mọ́mì mi sì ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi ohùn kẹ́lẹ́ bi í bóyá oyún ni, bóyá ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan ló ní Ọlọ́run nìkan ni kí wọ́n máa kúnlẹ̀ fún. Àǹtí kàn ń mi orí pé rárá. Mọ́mì bu ọbẹ̀ fún un láìsí ẹran. Àǹtí fẹnu sí mi létí, ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀. Ìjìyà." Mo kọ ọ́, mo sì fún un ní ìdajì ẹran mi, ìyẹn ni mi ò kọ. Màmá Kànga nìkan ni kò yí padà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àǹtí tún kọjá láìsọ̀rọ̀, wọ́n tún dáhùn, káàárọ̀, ṣé o sùn dáadáa, iṣẹ́ ìwé ńkọ́. Ó bí Bàbá Wàhídì nínú. Wọ́n ní kí ló dé tí Màmá ń dá ẹni tí ò kí wọn lóhùn. Màmá ní, "Ìkíni ẹ̀ wà lọ́nà. Tó bá dé, kó má bàa bá ilé lófìfo." Mo rí i pé Àǹtí gbọ́, torí kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ìdajì ẹran tí mo fún un sì wà níbẹ̀.

Sátidé ọ̀hún bọ́ sí Sátidé ìmọ́tótó, tí ọkọ̀ kì í rìn títí di aago mẹ́wàá àárọ̀, gbogbo ilé sì máa ń sùn pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jáde wá kó gọ́tà. Àwa méjì nìkan la jí. Kò sí ìró ọkọ̀ tòmátì, Bàbá Wàhídì ò tíì wúkọ́. Àǹtí gba kọ́rídọ̀ kọjá, ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó ju kẹ́ẹ̀gì sínú kànga. Mo ti ṣí ìwé, mo ti kọ "Ọjọ́ kẹta," mo wá dúró de ohùn Màmá kí n lè kọ ọ́ sí i. Mo dúró. Kẹ́ẹ̀gì gòkè, ó tún sọ̀kalẹ̀.

"Àǹtí, Màmá ò dáhùn o."

"Kí ni wọ́n fẹ́ dáhùn? Ṣé mo kí wọn ni?"

Ó sọ ọ́ tán, ó gbọ́ ohun tó sọ. Ó fi okùn sílẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn Màmá, ó wà ní pípadé. Ó wo ibi tí àpótí máa ń wà, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú yẹ̀pẹ̀, àpótí ò sí níbẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò, torí òun lèmi náà ń rò. Ó ku ọjọ́ kan ṣoṣo. Tó bá lanu, òdo nìyẹn, gààrí Ìjẹ̀bú nìyẹn, èmi nìkan ni màá sì máa sùn lórí mátíràsì. Ó lè jẹ́ pé Màmá sùn gbàgbé ni. Ó lè jẹ́ pé sùúrù wọn ti tán, pé àwọn náà ti bínú bíi ti gbogbo ilé. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé wọ́n bínú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo sì dúró síbẹ̀ mò ń gbàdúrà pé kí ìyá arúgbó máa bínú. Ojú ṣì ń tì mí.

Àǹtí Rónkẹ́ kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù. "Ẹ káàárọ̀ mà." Kò sí èsì. Ó gbé ohùn sókè. "Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ jíire?" Nígbà náà la gbọ́ nǹkan tó ń lu ilẹ̀ nínú rúúmù, kó, kó, igi lórí sìmẹ́ńtì. Àǹtí ti ilẹ̀kùn wọlé. Kẹrosíìnì ló ti dà sílẹ̀, Màmá ti yọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbé àpótí bọ̀ síta, wọ́n sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ kan di àpótí mú, wọ́n ń fi í lu ilẹ̀. Ètè wọn ti gbẹ. Wọ́n wo Àǹtí lójú, wọ́n ní, "O ti dé? Mo ti ń dá ẹ lóhùn láti ìgbà tí o ti kọjá. Ohùn ni kò jáde."

Mi ò tíì rí àgbàlagbà tó sunkún báyẹn rí. Ẹkún Àǹtí ló jí gbogbo ilé. Bàbá Wàhídì jáde pẹ̀lú sòkòtò tí wọn ò tíì dè, wọ́n gbé Màmá pọ̀n bí ọmọ, torí ọkọ̀ ò rìn, wọ́n sì sáré lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà ní àdúgbò kejì. Nọ́ọ̀sì ní ìbàdí ló wú, ẹ̀jẹ̀ sì ru, pé ó dáa tí wọ́n tètè gbé wọn wá, tó bá jẹ́ aago mẹ́wàá ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí kúnlẹ̀ láàárín kọ́rídọ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, èmi náà mú ìwé jáde. Ẹ̀rín pa àwọn kan, inú bí àwọn kan. Bàbá Wàhídì ní, "Àṣé torí ìwé la ṣe fi aṣọ ẹ sílẹ̀ nínú òjò." Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, búláòsì mẹ́ta àti síkẹ́ẹ̀tì ti wà lórí okùn, ìyàwó wọn ti tún wọn fọ̀. Àǹtí kọ asáínmẹ́ǹtì náà bó ṣe rí, kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó kọ pé ọjọ́ méjì àti díẹ̀ lòun ṣe, pé òun já a. Ó kọ pé nínú ilé wa, ìkíni àárọ̀ ni a fi ń mọ ẹni tó jí àti ẹni tí kò lè dìde. Èmi ti rò pé ìwà ọmọlúàbí lásán ni. Mo sì ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Ọjọ́ tí èsì jáde, èmi àti Màmá Kànga wà lẹ́yìnkùlé, mò ń bá wọn fọ kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀pá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà náà, wọ́n sì jókòó sórí àpótí. A gbọ́ Àǹtí Rónkẹ́ tó ń wọlé bọ̀ láti iwájú, ẹ kú ilé mà, ẹ kú ilé sà, ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn èkejì, kò sì sí bí a ṣe lè mọ̀ nínú ohùn rẹ̀ bóyá ó yege. Ó yọ sí wa, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà."

Màmá ò dáhùn. Wọ́n ń wo kànga.

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà."

Wọn ò tiẹ̀ yíjú. Àǹtí wò mí. Ó fi orúnkún wọ́ súnmọ́ wọn, ó di ẹsẹ̀ wọn mú. "Màmá, ṣé kò sí o? Kí ni mo ṣe?"

Màmá yọ orín lẹ́nu. "Ọjọ́ kẹta tí o ò parí, mò ń bá ẹ parí ẹ̀ ni. Ṣé ó dùn?"

"Kò dùn, mà." Omi ti lé sójú rẹ̀, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwé ńkọ́?"

"Mo yege, mà. Kọ́rídọ̀ yìí ni mo fi dáhùn gbogbo ìbéèrè ìdánwò. Ṣùgbọ́n asáínmẹ́ǹtì, wọ́n fún mi ní òdo, torí mo kí yín."

Màmá fi ọwọ́ lé e lórí. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Bísí, lọ mú ìwé yẹn wá. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ò fún un ní òdo."

Mo nu ọwọ́ mi sára aṣọ, mo sáré wọlé lọ wá bírò.